Ìtọ́jú Ọpọlọ Ọmọdé: Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Tó Yẹ Kó Tẹ̀lé Oyè Ọ̀mọ̀wé

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò, nítorí pé bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ àìlera ọpọlọ mu ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti lérò lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé nínú ọ̀dọ́ méje tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 10 sí 19, ọ̀kan ń bá àìlera ọpọlọ kan tàbí òmíràn fínra. Síbẹ̀, ẹni tó bá gbé ọmọ lọ sí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà lónìí yóò rí ẹni tó mọ̀ nípa ibà ọmọdé, ikọ́ ọmọdé àti egungun ọmọdé, ṣùgbọ́n yóò ṣòro fún un púpọ̀ láti rí ẹni tí wọ́n kọ́ ní pàtó láti tọ́jú ọkàn àti ìrònú ọmọdé.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ iye òṣìṣẹ́ nìkan. Ọ̀rọ̀ irú ẹ̀kọ́ tí wọ́n gbà ni pẹ̀lú. Ènìyàn lè lọ sí yunifásítì, kí ó ka ìwé títí tí yóò fi gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá, kí ó má sì tíì jókòó ti ọmọ ọdún mẹ́jọ tó kọ oúnjẹ fún ọjọ́ mẹ́ta rí, tàbí ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìnlá tó ń ṣe ara rẹ̀ léṣe ní ìkọ̀kọ̀. Ibi tí ìwé parí sí ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín ìwé àti iṣẹ́ yìí ni ó yẹ kí Nàìjíríà fi ẹ̀kọ́ṣẹ́ tòótọ́ dí, nínú àwọn ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ tó ti wà nílẹ̀.

Ó yẹ kí ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ìlera yìí kọ́kọ́ yé aráàlú. Dókítà àrùn ọpọlọ ni ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, òun ni ó sì ń kọ oògùn fún aláìsàn. Ohun èlò onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ni ọ̀rọ̀, ìbéèrè, eré, àwòrán yíyà, ìdánwò tó ń wọn ìrántí, ìwé kíkà àti òye, àti ìjókòó pẹ̀lú àwọn òbí. Bí ó bá jẹ́ ọmọdé ni ó ń tọ́jú, iṣẹ́ náà tún le sí i, nítorí pé ọmọdé kì í ṣe àgbàlagbà kékeré. Àgbàlagbà lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ìbànújẹ́ dorí òun kodò. Ọmọ ọdún mẹ́fà kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Inú ni yóò máa run ún ní àràárọ̀ bí àkókò ilé ẹ̀kọ́ bá ti tó, tàbí kí ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sórí ibùsùn lẹ́yìn tó ti ṣíwọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò bá kọ́ láti ka irú àmì bẹ́ẹ̀ yóò rò pé ọ̀lẹ tàbí alágídí ni ọmọ náà.

Ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá tó fẹ́ máa tọ́jú aláìsàn máa ń lo ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún oyè ọ̀mọ̀wé, ọdún kan nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti iṣẹ́ àfikọ́ra ní ilé ìwòsàn tàbí ibùdó ìtọ́jú. Lẹ́yìn tí oyè náà bá ti tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn tún máa ń lo ọdún kan tàbí méjì sí i lábẹ́ ọ̀gá kí wọ́n tó máa dá ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ níbẹ̀ ka wákàtí iṣẹ́ abẹ́ ọ̀gá yìí mọ́ ohun tí ẹni náà gbọ́dọ̀ ní, pẹ̀lú ìdánwò, kí ó tó gba ìwé àṣẹ iṣẹ́. Nínú àwọn tó bá yan ìtọ́jú ọmọdé láàyò, àwọn kan máa ń ṣe ẹ̀kọ́ṣẹ́ yìí ní ilé ìwòsàn tí àwọn ọmọ tí àìlera wọn le jù lọ ti ń sùn, tí wọ́n ti ń jẹun, tí wọ́n sì ti ń kẹ́kọ̀ọ́.

Ọ̀kan nínú irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ ni Bradley Hospital tó wà ní East Providence, ní ìpínlẹ̀ Rhode Island. George Bradley àti ìyàwó rẹ̀, Helen, ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Emma. Nígbà tí Emma wà ní ọmọ ọdún méje, àìsàn kan kọlu ọpọlọ rẹ̀, ó sì sọ ọ́ di aláìlera. Àwọn òbí rẹ̀ wá ìtọ́jú kiri, ṣùgbọ́n wọn kò rí ilé ìwòsàn tó wà fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Bàbá náà kú ní ọdún 1906, ó sì fi í sínú ìwé ìhágún rẹ̀ pé kí wọ́n fi ohun ìní òun dá ilé ìtọ́jú sílẹ̀ fún àwọn ọmọ mìíràn. Ní ọdún 1931 ni ilé náà ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀. Òun ni ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà tí wọ́n dá sílẹ̀ fún kìkì àwọn ọmọdé.

Ní ọdún 1937, Dókítà Charles Bradley, tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwòsàn náà nígbà náà, tẹ ìwádìí kan jáde nípa ọgbọ̀n ọmọ tó fún ní oògùn tí wọ́n ń pè ní Benzedrine. Oògùn tó ń ta àgbàlagbà jí ni. Ó ya dókítà náà lẹ́nu pé nǹkan bí ìdajì nínú àwọn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe dáadáa nínú ẹ̀kọ́ wọn lọ́nà tó hàn gbangba, tí ara àwọn kan tí kì í lè jókòó jẹ́jẹ́ sì balẹ̀. Ìwádìí yìí wà lára ìpìlẹ̀ ìtọ́jú tí wọ́n ń ṣe títí di òní fún àwọn ọmọ tí ọkàn wọn kì í dúró sójú kan. Ohun tó yẹ kí ènìyàn kíyè sí ni pé kì í ṣe inú ọ́fíìsì ni ó ti rí i. Inú ilé ìwòsàn náà ni àwọn ọmọ ń gbé, ibẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ wọn wà, àwọn olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì sì ń ṣọ́ ìṣesí wọn láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Títí di òní, ilé ìwòsàn náà ń kọ́ àwọn dókítà àti àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá níṣẹ́, pẹ̀lú àjọṣe Yunifásítì Brown.

Kí ni ẹni tó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé tún ń wá nínú wọ́ọ̀dù? Iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ pọ̀. Ní òwúrọ̀, òun pẹ̀lú dókítà, nọ́ọ̀sì, olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn àwùjọ yóò jókòó láti gbọ́ bí olúkúlùkù ọmọ ṣe sun oorun mọ́jú. Yóò bá ọmọ sọ̀rọ̀ lóun nìkan, yóò sì bá àwọn òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀. Yóò ṣe ìdánwò fún ọmọ tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti ṣubú lójijì. Yóò kó àwọn ọ̀dọ́langba jọ láti kọ́ wọn ní ọ̀nà tí ènìyàn fi ń kápá ìbínú àti ìbẹ̀rù. Yóò sì bá ọmọ tó ti sọ pé òun fẹ́ kú àti àwọn ẹbí rẹ̀ ṣe ètò bí wọn yóò ṣe dáàbò bo ẹ̀mí rẹ̀ nígbà tó bá padà sílé. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ó gbọ́dọ̀ jókòó níwájú ọ̀gá rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ó ṣàlàyé ohun tó ṣe àti ìdí tó fi ṣe é.

Àpẹẹrẹ kan lè jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yéni. Kí a mú un pé wọ́n gbé ọmọkùnrin ọdún mọ́kànlá kan wá sí ilé ìwòsàn nítorí pé ó ń lu àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó ń fa ìwé ya, ó sì ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé ikú tẹ́ òun lọ́rùn. Onímọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹnu iṣẹ́ yẹ ọmọ náà wò, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé alágídí tí kò bọ̀wọ̀ fún àgbà ni. Ọ̀gá rẹ̀ ka ìwé náà, ó sì bi í ní ìbéèrè kan péré: kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ kété kí inú ọmọ yìí tó bí i? Kò mọ̀ ọ́n. Ó padà sí wọ́ọ̀dù, ó jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì fún ọjọ́ mẹ́ta, ó sì rí i pé ìgbà tí wọ́n bá ní kí ọmọ náà dìde kàwé sókè ni ìjà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìdánwò fi hàn pé orí ọmọ náà pé, ṣùgbọ́n kò lè so álífábẹ́ẹ̀tì pọ̀ kí ó fi ka ọ̀rọ̀. Ìtìjú ni ó ń jà, kì í ṣe àgídí. Ìtọ́jú ọmọ náà yí padà láti ọjọ́ náà.

Bí kò bá sí ìbéèrè ọ̀gá yẹn, orúkọ alágídí ni ọmọ náà ìbá gbé lọ sílé, pẹ̀lú oògùn tí kò bá ìṣòro rẹ̀ mu, kí ó tún wá padà lọ sínú kíláàsì kan náà tó mú kí ikú wù ú. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀kọ́ṣẹ́ lẹ́yìn oyè ọ̀mọ̀wé kì í ṣe àfikún ìwé kíkà. Ohun tó wà fún ni kí àgbà wà nítòsí nígbà tí ọwọ́ ẹni tuntun bá fẹ́ ṣì.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ Yorùbá. Ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán tàbí iṣẹ́ káfíńtà kì í gba òmìnira lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ mọ orúkọ irinṣẹ́. Yóò wà lọ́dọ̀ ọ̀gá títí ọ̀gá yóò fi rí i pé aṣọ tó gé kò ní ba owó oníbàárà jẹ́. Babaláwo pàápàá kì í kọ́ ẹsẹ̀ Ifá tán kí ó tó máa tẹ̀lé ọ̀gá rẹ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú aláìsàn; àtìgbà tó ti wà lọ́mọdé ni ó ti ń gbé àpò tẹ̀lé e. Bí aṣọ àti àga bá tó ohun tí ènìyàn ń fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ lábẹ́ àgbà, ọkàn ọmọdé tó bẹ́ẹ̀ ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kì í sì í ṣe pé ọwọ́ Nàìjíríà ṣófo. Ní ọdún 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adeoye Lambo, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Arò tó mú kí gbogbo ayé yíjú sí ìlú náà. Dípò kí wọ́n ti gbogbo aláìsàn mọ́ inú ọgbà, wọ́n fi ọ̀pọ̀ nínú wọn wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé tó wà nítòsí ilé ìwòsàn, pẹ̀lú ẹbí kan tó tẹ̀lé wọn wá láti máa ṣètọ́jú wọn. Wọn a lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn, wọn a sì padà sí àárín àwọn ènìyàn. Ètò yìí ti mọ̀ láti ìgbà náà pé ẹbí jẹ́ ara oògùn. Òótọ́ yìí gan-an ni ìtọ́jú ọmọdé dúró lé lórí, nítorí pé kò sí ọmọ tó ń dá gbé ayé.

Ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Yábàá, tí ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1907, ní ẹ̀ka kan ní Òṣòdì tó wà fún àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́. Ní Ìbàdàn, Yunifásítì Ìbàdàn dá ibùdó ìmọ̀ ìlera ọpọlọ àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ sílẹ̀ ní ọdún 2011, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ MacArthur Foundation ti Amẹ́ríkà, ibẹ̀ sì ti kọ́ dókítà, nọ́ọ̀sì, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá àti àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè Áfíríkà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olayinka Omigbodun, tó ṣe aṣáájú níbẹ̀, ni ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó di ààrẹ ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn tó ń tọ́jú ọpọlọ ọmọdé, láti ọdún 2010 sí 2014. Orílẹ̀-èdè tó bí irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò yẹ kí ó máa sọ pé òun kò mọ ibi tí òun yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni àkàbà tó hàn gbangba. Dókítà tó fẹ́ di ọ̀jáfáfá nínú ìtọ́jú àrùn ọpọlọ mọ ọ̀nà tí yóò gbà: yóò ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún lábẹ́ àwọn ọ̀gá, yóò máa gba owó oṣù, yóò sì ṣe ìdánwò kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn oníṣègùn. Ọ̀nà tí onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá yóò gbà kò là tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó bá fẹ́ ìmọ̀ tó jinlẹ̀ nípa ọmọdé máa ń wò ó pé òkè òkun ni ó kàn, ẹni tó bá sì ti lo ọdún méjì nínú wọ́ọ̀dù òkè òkun, tí wọ́n fún ní ìwé àṣẹ àti owó oṣù tó jọjú, ó di dandan kí ìpadàbọ̀ ṣòro fún un. Nàìjíríà ni ó tọ́ irúgbìn náà, ilẹ̀ ẹlòmíràn ni ó ti ń so.

Ìṣòro èdè tún wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìdánwò tí wọ́n fi ń wọn òye àti ìrònú ọmọdé ni wọ́n ṣe fún ọmọ Amẹ́ríkà tàbí ọmọ ìlú Òyìnbó. Bí wọ́n bá fi àwòrán ohun tí ọmọ Ṣakí tàbí ọmọ Ìkòròdú kò rí rí bi í ní ìbéèrè, tí kò sì mọ̀ ọ́n, àìmọ̀ náà kì í ṣe àbùkù ọpọlọ. Òbí náà kì í lo ọ̀rọ̀ inú ìwé. Ìyá lè sọ pé orí ń gbóná mọ́ ọmọ òun, pé ọkàn rẹ̀ ń já, tàbí pé ọmọ náà ní ẹgbẹ́ lọ́run. Onímọ̀ tí wọ́n kọ́ ní wọ́ọ̀dù ilẹ̀ yìí yóò mọ bí yóò ṣe gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láì fi ìyá náà ṣe yẹ̀yẹ́, láì sì gbàgbé ìtọ́jú tí ọmọ náà nílò. Kò sí wọ́ọ̀dù òkè òkun tó lè fi èyí kọ́ni.

Àwọn kan lè sọ pé àwọn onímọ̀ yìí kò tó nǹkan, kí ló dé tí wọ́n tún fẹ́ fi ọdún méjì kún ẹ̀kọ́ wọn? Àwọn mìíràn lè sọ pé inú ilé àti ilé ẹ̀kọ́ ni ó yẹ kí wọ́n ti máa tọ́jú ọmọ, kì í ṣe ilé ìwòsàn. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì. Ìgbà tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn ni ó yẹ kí ọmọ sùn sí ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti rí èyí tó le jù ni yóò tètè dá èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ mọ̀. Ẹni kan tó kọ́ṣẹ́ délẹ̀ lè kọ́ ọ̀pọ̀ olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì ní àmì tó yẹ kí wọ́n máa wò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ṣẹ́ náà kì í sì í jókòó lásán, nítorí pé aláìsàn ni wọ́n ń tọ́jú ní gbogbo ọdún méjèèjì.

Àìsí irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ní ohun tó ń náni. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá wọ ilé kan ní ìlú Kàdúná, wọ́n sì bá àwọn ọkùnrin àti ọmọdékùnrin tó lé ní 300 níbẹ̀, tí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àwọn ẹbí kan ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn mú ọmọ wọn lọ síbẹ̀ fún àtúnṣe ìwà. Kò yẹ kí a kàn bú irú òbí bẹ́ẹ̀ kí a sì dákẹ́. Òbí tí ìwà ọmọ rẹ̀ ti dẹ́rù bà, tí kò sì mọ ẹni tí yóò sá tọ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ṣèlérí ìwòsàn ni yóò gbé ọmọ náà lé lọ́wọ́.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2023, òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ rọ́pò òfin àtijọ́ ti ọdún 1958, tó ń pe aláìsàn ní wèrè. Òfin tuntun náà fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́, ó sì ṣe ètò fún àpò owó àkànlò fún ìlera ọpọlọ. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n òfin kò lè jókòó ti ọmọ tó ń sunkún lóru. Ènìyàn ni ó ń ṣe ìyẹn, a sì gbọ́dọ̀ kọ́ ènìyàn náà kí ó tó lè ṣe é.

Nítorí náà, ó yẹ kí Ilé Iṣẹ́ Ìlera ti ìjọba àpapọ̀ yan ilé ìwòsàn méjì tàbí mẹ́ta nínú èyí tó wà ní Arò, Yábàá, Enugu, Kàlàbá, Benin, Kàdúná àti Maiduguri láti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ọlọ́dún méjì fún àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá tó fẹ́ tọ́jú ọmọdé. Kí wọ́n fún wọn ní owó oṣù, kí wákàtí tí ọ̀gá yóò fi máa tọ́ wọn sọ́nà sì wà ní àkọsílẹ̀. Kí wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé dá dúró, kí a má ṣe da ọmọdé pọ̀ mọ́ àgbàlagbà. Kí apá kan nínú ọdún kejì jẹ́ ti ilé ẹ̀kọ́ àti ibùdó ìlera alábọ́ọ́dé, kí ìmọ̀ náà lè dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ọ̀nà wọn jìn sí ìlú ńlá. Kí iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ṣẹ́ náà sì kan ṣíṣe ìdánwò tó bá ọmọ Yorùbá, ọmọ Ìgbò àti ọmọ Haúsá mu ní èdè abínibí wọn. Lápá kan, àpò owó tí òfin ọdún 2023 là sílẹ̀ lè ti ètò yìí lẹ́yìn.

Bàbá àti ìyá Emma kò rí ibi tí wọn yóò gbé ọmọ wọn lọ, ìyẹn sì ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Lónìí, ìyá kan wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, bàbá kan sì wà ní Lọ́kọ́já, tí ọ̀rọ̀ tiwọn kò yàtọ̀ sí ti àwọn òbí náà. Ilé ìwòsàn wà, yunifásítì wà, àwọn ọ̀dọ́ tó gba oyè wà, àwọn àgbà tó lè tọ́ wọn sọ́nà náà wà. Ohun tó kù ni kí ìjọba so wọ́n pọ̀, kí àwọn àgbà náà tó fẹ̀yìn tì, kí àwọn ọ̀dọ́ náà sì tó wọ ọkọ̀ òfuurufú.